Iṣẹ́ Àárín: Ìtàn Ìpalẹ̀mọ́ Fídíò fún Ẹ́dítọ̀ ní Ọ̀pẹbí àti Àyíká Ìkẹjà

Láti ìgbà tí àwọn ọmọ Yorùbá ti ń ṣe sinimá fúnra wọn, iṣẹ́ kan ti wà láàárín ẹni tó ń ya àwòrán àti ẹ́dítọ̀ tó ń gé e, tó ń tò ó. Ohun tí kámẹ́rà gbà kì í bọ́ sórí tábìlì ẹ́dítọ̀ tààrà. Wọ́n á kọ́kọ́ sọ ọ́ di ohun tí ẹ̀rọ ẹ́dítọ̀ lè lò, wọ́n á mú ohùn bá àwòrán mu, wọ́n á ṣe ẹ̀dà, wọ́n á sì sàmì sí i. Aráàlú tó ń wo fíìmù kì í sábà mọ ẹni tó ṣe iṣẹ́ yìí, bẹ́ẹ̀ ọwọ́ rẹ̀ ni dídára fíìmù náà ti ń bẹ̀rẹ̀. Ní Ọ̀pẹbí, àdúgbò tó bá Allen pààlà ní Ìkẹjà, orí fóònù ni ọ̀pọ̀ fídíò ti ń wá lónìí, iṣẹ́ àárín náà kò sì tí ì kásẹ̀ nílẹ̀. Ibi tí wọ́n ti ń ṣe é àti owó tí wọ́n fi ń ṣe é ló yí padà.

Ní àsìkò tí Ọlá Balógun gbé fíìmù Àjàní Ògún jáde ní 1976, tí Hubert Ògúndé àti Adé Afọláyan náà sì wọ iṣẹ́ sinimá, rólù fíìmù ni kámẹ́rà ń lò. Rólù onímílímítà 16 tí gígùn rẹ̀ jẹ́ ẹsẹ̀ bàtà 400 kò gbà ju nǹkan bí ìṣẹ́jú 11 lọ. Ilé ìfọfíìmù aláwọ̀ ṣọ̀wọ́n ní Nàìjíríà, nítorí náà òkè òkun, pàápàá Lọ́ńdọ̀nù, ni wọ́n ń fi rólù ránṣẹ́ sí. Níbẹ̀ ni wọ́n ti ń fọ nẹ́gátíìfù tí wọ́n sì ń tẹ ẹ̀dà láti ara rẹ̀. Ẹ̀dà ni ẹ́dítọ̀ ń gé. Nẹ́gátíìfù wà ní ìpamọ́, torí pé bí nǹkan bá ha á pẹ́nrẹ́n, kò sí òmíràn. Nọ́ńbà kéékèèké tó wà létí fíìmù ni wọ́n fi ń tọpa ibi tí ẹ́dítọ̀ gé, kí wọ́n tó wá gé nẹ́gátíìfù bákan náà. Orí téèpù ọ̀tọ̀ ni ohùn wà, pátákó tí wọ́n ń pàtẹ́ níwájú kámẹ́rà ni wọ́n sì fi ń mú ẹnu àti ohùn bára mu. Owó òkèèrè ni wọ́n fi ń san gbogbo rẹ̀. Nígbà tí ìjọba gbé ètò àtúnṣe ọrọ̀-ajé tí a mọ̀ sí SAP kalẹ̀ ní 1986, tí náírà sì já wálẹ̀, agbára ọ̀pọ̀ òṣèré kò ká ọ̀nà Lọ́ńdọ̀nù mọ́.

Téèpù fídíò ló gba iṣẹ́ náà padà wálé. Ilé iṣẹ́ Sony ti gbé U-matic jáde ní 1971, JVC sì gbé VHS jáde ní 1976. Ní 1980, ìjọba Lateef Jákàńdè, gómìnà Èkó nígbà náà, dá Lagos Television sílẹ̀, Agídíngbí ní Ìkẹjà ni ilé iṣẹ́ náà sì wà. Kò sí fífọ̀ nínú ti téèpù. Ẹni tó bá yà á tán lè wò ó lójú ẹsẹ̀. Ṣùgbọ́n ìpalẹ̀mọ́ tirẹ̀ ní ìnira tó yàtọ̀. Ẹ̀rọ méjì ni ẹ́dítọ̀ ń so pọ̀: ọ̀kan ń ka téèpù, èkejì ń gba ìran tí wọ́n yàn, ìran kan lẹ́yìn òmíràn. Kí iṣẹ́ tó bẹ̀rẹ̀, ẹnì kan gbọ́dọ̀ wo gbogbo téèpù láti ìbẹ̀rẹ̀ dé òpin, kí ó kọ ìṣẹ́jú tí ìran kọ̀ọ̀kan bẹ̀rẹ̀ àti èyí tó parí sínú ìwé. Bí ìwé yìí bá ní àṣìṣe, ẹ́dítọ̀ á máa yí téèpù síwá sẹ́yìn títí ilẹ̀ á fi ṣú. Ẹ̀dà tí wọ́n bá sì tún ṣe láti ara ẹ̀dà máa ń pàdánù díẹ̀ nínú ìmọ́lẹ̀ àti àwọ̀ rẹ̀, kí ó tó dé ọwọ́ òǹrajà ní ọjà Ìdúmọ̀tà.

Láìka àbùkù yìí sí, téèpù ló sọ fíìmù di òwò ńlá. Kenneth Nnebue, tó ti náwó sórí fídíò Yorùbá ṣáájú, gbé Living in Bondage jáde lórí VHS ní 1992. Túndé Kèlání, tó kọ́ṣẹ́ ní London Film School tó sì ti ya fíìmù fún àwọn àgbà òṣèré, dá ilé iṣẹ́ fíìmù tirẹ̀, Mainframe, sílẹ̀, ó sì gbé Tí Olúwa Ni Ilẹ̀ jáde ní 1993. Àwọn tó ń ya fídíò ìgbéyàwó, ìsìnkú àti ìkómọjáde náà kọ́ iṣẹ́ yìí lórí ẹ̀rọ VHS méjì nínú yàrá kékeré.

Ní 1995, téèpù MiniDV dé. Wáyà kan ṣoṣo ló ń gbé fídíò láti inú kámẹ́rà wọ kọ̀ǹpútà, ohun tó sì wọlé kò dín sí ohun tó wà lórí téèpù. Adobe Premiere ti wà láti 1991, Final Cut Pro sì tẹ̀ lé e ní 1999. Ẹ́dítọ̀ lè fi ìran kan sí àárín méjì láìtún gbogbo iṣẹ́ ṣe. Ní sáà yìí náà ni àwọn ilé ìgbé ní òpópónà Ọ̀tígbà ń di ṣọ́ọ̀bù kọ̀ǹpútà, èyí tí gbogbo ènìyàn wá mọ̀ sí Computer Village, tí kò jìnnà sí Ọ̀pẹbí. Ìpalẹ̀mọ́ MiniDV ń gba àkókò: téèpù wákàtí kan ń gba wákàtí kan kí ó tó wọlé tán, ó sì ń gba nǹkan bíi gígábáìtì 13 lórí dísíkì. Bí NEPA bá mú iná lọ láàárín, tí kò sì sí ohun tó gbé kọ̀ǹpútà dúró, wọ́n á tún un bẹ̀rẹ̀.

Ìgbésẹ̀ tó kàn ti ọ̀dọ̀ àwọn oníbàárà wá. GSM bẹ̀rẹ̀ ní Nàìjíríà ní oṣù kẹjọ 2001, fóònù sì gba Ọ̀tígbà kan. Fídíò àwọn fóònù ìgbà náà kéré, ojú rẹ̀ sì ṣú. Ní 2009 ni iPhone kọ́kọ́ ya fídíò. Láàárín ọdún díẹ̀ lẹ́yìn náà, Tecno àti Infinix ti fi kámẹ́rà tó dára sọ́wọ́ mẹ̀kúnnù. Ní 2019, àwọn ọ̀dọ́ Critics Company ní Kaduna fi fóònù ya eré tí ayé gbọ́ nípa rẹ̀. Ní 2020, àwọn ọmọdé Ikorodu Bois ṣe àwòkọ ìpolówó fíìmù Extraction, Netflix sì fi ohun èlò ta wọ́n lọ́rẹ. Ní oṣù kẹwàá ọdún kan náà, fóònù àwọn ọ̀dọ́ ló kọ́kọ́ gbé ìròyìn ìwọ́de EndSARS dé ilé iṣẹ́ tẹlifíṣọ̀n. Láti ìgbà náà, kò sí ẹ́dítọ̀ tó lè kọ fídíò fóònù.

Ìṣòro àkọ́kọ́ fídíò yìí ni pé iye àwòrán rẹ̀ kì í dúró déédéé. Ìlànà PAL tí tẹlifíṣọ̀n Nàìjíríà ń lò jẹ́ àwòrán 25 ní ìṣẹ́jú-àáyá kan. Fóònù tí wọ́n ṣètò sí 30 lè máà pé 30: bí ilẹ̀ bá ṣókùnkùn, á pẹ́ lórí àwòrán kọ̀ọ̀kan kí ìmọ́lẹ̀ lè tó, bí ara rẹ̀ bá gbóná, á dẹwọ́. Ohùn kò yí ìwọ̀n tirẹ̀ padà. Bí ẹ̀rọ ẹ́dítọ̀ bá ka fáìlì náà bí ẹni pé ó dúró ṣinṣin, ẹnu àti ohùn á bẹ̀rẹ̀ sí í yà. Nínú fídíò kúkúrú, ojú lè má rí i. Nínú ìwàásù wákàtí kan, ó hàn gbangba. HandBrake àti FFmpeg, tí wọ́n jẹ́ ọ̀fẹ́, ni wọ́n fi ń sọ irú fáìlì bẹ́ẹ̀ di oníwọ̀n kan kí iṣẹ́ tó bẹ̀rẹ̀. Láti 2018 ni Premiere Pro fúnra rẹ̀ ti ń gbìyànjú láti bójú tó o.

Ìṣòro kejì ni bí fóònù ṣe ń fún fáìlì pọ̀. H.264, tó jáde ní 2003, àti HEVC ti 2013 máa ń pa àwòrán kan mọ́ lódindi, wọ́n á sì kọ ìyàtọ̀ àwọn tó tẹ̀ lé e nìkan. Irú fáìlì bẹ́ẹ̀ dà bí èlùbọ́: ó fúyẹ́ láti gbé rìnrìn àjò, ṣùgbọ́n kò ṣe é jẹ láìrò. Ìṣẹ́jú kan HEVC lórí iPhone, ní 1080p àti àwòrán 30, jẹ́ nǹkan bíi mẹ́gábáìtì 60. Bí wọ́n bá sọ ọ́ di ProRes 422, tó ń pa àwòrán kọ̀ọ̀kan mọ́ lódindi, wákàtí kan lè gbà ju gígábáìtì 50 lọ, kọ̀ǹpútà á sì máa ṣiṣẹ́ wọ́ọ́rọ́wọ́. Ẹni tí dísíkì rẹ̀ kò tóbi á ṣe ẹ̀dà kékeré láti fi gé e, á sì padà sórí ojúlówó nígbà tó bá fẹ́ gbé iṣẹ́ jáde. Ọgbọ́n nẹ́gátíìfù àti ẹ̀dà rẹ̀ nìyẹn.

Àwọ̀ àti iná náà ní tiwọn. Láti iPhone 12 ti 2020, àwọ̀ HDR ni fóònù náà ń fúnra rẹ̀ yàn. Bí ẹ́dítọ̀ kò bá túmọ̀ rẹ̀ sí ti tẹlifíṣọ̀n, ojú ènìyàn á funfun jù. Iná mànàmáná Nàìjíríà ń gbọ̀n ní ìgbà 50 ní ìṣẹ́jú-àáyá kan, ó sì lè fa ìṣẹ́jú-ṣẹ́jú nínú fídíò oní-30. Yíyan àwòrán 25 ṣáájú kí wọ́n tó yà á ń dín èyí kù.

Ọ̀nà tí fáìlì gbà dé ọ̀dọ̀ ẹ́dítọ̀ ló ń ba èyí tó pọ̀ jù jẹ́. Bí wọ́n bá fi fídíò ránṣẹ́ lórí WhatsApp bí a ṣe ń fi fọ́tò ránṣẹ́, á tún un fún pọ̀, ohun tó sì sọnù kò ṣe é dá padà. Wáyà, mẹ́mọ́rì kádì, tàbí fífi í ránṣẹ́ gẹ́gẹ́ bí fáìlì lásán ló ń gbé ojúlówó dé. Ẹni tó mọ iṣẹ́ á da á sí dísíkì méjì, á ṣí fáìlì kọ̀ọ̀kan wò, á fi ọjọ́ àti ibi tí wọ́n ti yà á sọ orúkọ rẹ̀, kí ó tó gbà kí oníbàárà pa á rẹ́ lórí fóònù.

Lẹ́nu ọdún mélòó kan sẹ́yìn, díẹ̀ nínú iṣẹ́ yìí ti ń padà sọ́wọ́ ẹni tó ń yà á. iPhone 13 Pro gba ProRes ní 2021. Blackmagic Camera, tí wọ́n gbé jáde lọ́fẹ̀ẹ́ ní 2023, ń jẹ́ kí ayàwòrán yan iye àwòrán kan kó sì dì í mú. Owó tó ń lọ sí Lọ́ńdọ̀nù nígbà kan ti di owó dísíkì, ti epo jẹnẹrétọ̀ àti ti ẹ̀kọ́. Èyí tó kẹ́yìn yìí ni ọ̀dọ́ tó ní fóònù lè kọ́ láìlówó púpọ̀ lọ́wọ́, òun náà ló sì ń ya fídíò tó ṣe é lò sọ́tọ̀ kúrò lára èyí tí ẹ́dítọ̀ kò lè tún ṣe.