Láti Ẹ̀yìn Odi Ìbàdàn dé Ẹnubodè Ajah: Ìtàn Ẹ̀kọ́ Tí Kì í Já sí Oyè

Ní òwúrọ̀ ọjọ́ Ajé, nígbà tí súnkẹrẹ-fàkẹrẹ ọkọ̀ bá ti dì láàárín Ajah àti Sangotedo, ẹ ó máa rí àwọn ọkọ̀ bọ̀gìnnì mélòó kan tí wọn yóò yà kúrò lójú títì wọ ọgbà Lagos Business School. Ẹni tí ó jókòó sẹ́yìn ọkọ̀ lè ti lé ní àádọ́ta ọdún. Ó lè jẹ́ ọ̀gá báńkì tàbí olórí ilé-iṣẹ́ epo. Ilé ẹ̀kọ́ ni ó ń lọ, ṣùgbọ́n kì í ṣe oyè ni ó ń wá, nítorí ó ti gba oyè tẹ́lẹ̀. Yóò jókòó fún ọjọ́ mẹ́ta tàbí ọ̀sẹ̀ mélòó kan, yóò bá àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀ jiyàn lórí ọ̀ràn ilé-iṣẹ́ kan tí ó fẹ́ dẹnu kọlẹ̀, wọn yóò fún un ní ìwé ẹ̀rí, yóò sì padà sẹ́nu iṣẹ́. Kò sí máàkì kankan níbẹ̀ tí ó lè kó jọ di dígírì.

Ọ̀pọ̀ ènìyàn rò pé àwọn ilé-iṣẹ́ ńláńlá ni ó kó irú ẹ̀kọ́ yìí wọ ìlú wa. Ìtàn kò sọ bẹ́ẹ̀. Ní ọdún 1947, nígbà tí Nàìjíríà kò tíì ní yunifásítì kankan, Thomas Hodgkin, akọ̀wé ẹ̀ka tí ń bójú tó ẹ̀kọ́ àgbà ní Yunifásítì Oxford, wá sí Ìwọ̀-Oòrùn Áfíríkà láti wò ó bóyá irú ẹ̀kọ́ tí wọ́n fi ń la àwọn òṣìṣẹ́ ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì lóye lálẹ́ lè fẹsẹ̀ múlẹ̀ ní Gold Coast àti ní Nàìjíríà. Ọdún tó tẹ̀ lé e ni wọ́n dá University College sílẹ̀ ní Ìbàdàn. Nígbà tí ó fi di 1949, wọ́n ti fi ẹ̀ka kan kún un, wọ́n sì fa á lé Robert Gardiner lọ́wọ́, ọmọ Kumasi tí ó wá di ọ̀gá àgbà Àjọ Ọrọ̀-Ajé Áfíríkà lábẹ́ Àjọ Ìṣọ̀kan Àgbáyé. Ayọ̀ Ogunsheye náà wá darí rẹ̀ lẹ́yìn èyí.

Extra-Mural ni àwọn Gẹ̀ẹ́sì ń pe ẹ̀ka náà, ìyẹn ni pé ẹ̀kọ́ ẹ̀yìn odi, orúkọ náà sì rò ó. Olùkọ́ ni ó ń lọ bá akẹ́kọ̀ọ́ nínú ìlú tirẹ̀. Lẹ́yìn iṣẹ́ òòjọ́, nínú kíláàsì tí wọ́n yá lò, àwọn tíṣà, àwọn akọ̀wé àti àwọn ọmọ ẹgbẹ́ òṣìṣẹ́ yóò jókòó, wọn yóò máa jiyàn lórí ọrọ̀-ajé, ìṣèlú àti ètò ìjọba ìbílẹ̀. Ẹ rántí ìgbà tí à ń sọ. Gẹ̀ẹ́sì ni ó ń ṣe ìjọba, ṣùgbọ́n gbogbo ènìyàn mọ̀ pé òmìnira ń bọ̀. Ẹni tí ń kọ́ bí ìjọba ṣe ń ná owó orí lónìí lè jókòó sí ìgbìmọ̀ ìlú rẹ̀ lọ́la.

Ẹ̀kọ́ náà kò sì gba ọ̀nà kan ṣoṣo. Ulli Beier dé Ìbàdàn ní ọdún 1950 láti kọ́ni nínú ọgbà yunifásítì, ṣùgbọ́n ẹ̀ka ẹ̀yìn odi ni ọkàn rẹ̀ fà sí. Ó ṣí kúrò ní Ìbàdàn, ó ń gbé ní Ẹdẹ, ní Ìlobùú àti ní Òṣogbo, ó sì di akẹ́kọ̀ọ́ lọ́dọ̀ àwọn tí wọ́n ní kí ó wá kọ́. Ní 1957, ọdún tí ó dá ìwé àtìgbàdégbà Black Orpheus sílẹ̀, ni Ezekiel Mphahlele dé láti South Africa, níbi tí ìjọba ẹlẹ́yàmẹ̀yà ti fòfin dè é pé kò gbọdọ̀ kọ́ni mọ́. Òun náà ṣe olùkọ́ nínú ẹ̀ka yìí. Bí ẹnikẹ́ni bá ní ẹ̀kọ́ tí kò já sí oyè kò lè so èso, kí ó wo ohun tí àwọn ènìyàn wọ̀nyí fi sílẹ̀ nínú lítíréṣọ̀ wa.

Ṣùgbọ́n n kò fẹ́ ṣe àpọ́nlé ìgbà àtijọ́ kọjá bí ó ti yẹ. Àwọn akẹ́kọ̀ọ́ fúnra wọn ni wọ́n ń béèrè pé kí ni àwọn yóò mú hàn lẹ́yìn gbogbo àríyànjiyàn yìí. Ẹni tí ìgbéga rẹ̀ lẹ́nu iṣẹ́ so mọ́ ìwé ẹ̀rí kò lè fi òye nìkan bọ́ ọmọ, mo sì gbà pé ìbéèrè wọn tọ́. Díẹ̀díẹ̀ ni ìdánwò GCE gba ipò. Lónìí, bí ọmọ kan ní Badore tàbí Láńgbàsà bá sọ pé òun ń lọ sí extra-mural, lẹ́sìn WAEC àti JAMB ni ó ń sọ. Orúkọ náà kú sí ara páálí tí wọ́n kàn mọ́ òpó iná.

Owó ni ó tún yí ọ̀ràn náà padà. Ní ọdún 1971, ìjọba ológun fi òfin kẹtàdínláàádọ́ta dá Industrial Training Fund sílẹ̀. Gẹ́gẹ́ bí àtúnṣe tí wọ́n ṣe sí i ní 2011, ilé-iṣẹ́ tí ó bá ní òṣìṣẹ́ márùn-ún, tàbí tí owó tí ń wọlé fún un lọ́dún bá tó mílíọ̀nù 50 náírà, gbọ́dọ̀ máa san ìdá kan nínú ọgọ́rùn-ún gbogbo owó oṣù tí ó ń san. Bí ó bá fi ẹ̀rí hàn pé òun ń kọ́ àwọn òṣìṣẹ́ òun, ó lè gbà tó ìdajì padà. Ní 1973, ìjọba dá ASCON sílẹ̀ ní Topo, lẹ́bàá Àgbádárìgì, fún àwọn òṣìṣẹ́ ìjọba. Ètò tí ó dára ni, n kò bu ẹnu àtẹ́ lù ú. Àmọ́ ẹ kíyè sí ohun tí ó yí padà: tẹ́lẹ̀, aráàlú ni ó ń fẹsẹ̀ ara rẹ̀ wá kọ́ ohun tí ó wù ú, nísinsìnyí, agbanisíṣẹ́ ni ó ń yan ẹni tí yóò lọ àti ohun tí yóò kọ́.

Inú ayé tuntun yìí ni wọ́n dá Lagos Business School sílẹ̀ ní 1991, nígbà tí báńkì ń hù bí olú káàkiri Èkó. Victoria Island ni ó wà kí ó tó kó wá sí Ajah. Àwọn ẹ̀kọ́ kúkúrú fún ọ̀gá ilé-iṣẹ́ ni ó fi bẹ̀rẹ̀. Ọdún 2002 ni ìjọba tó fọwọ́ sí Pan-African University, tí a ń pè ní Pan-Atlantic University láti 2013. Ìyẹn ni pé ní Ìbàdàn, yunifásítì ni ó bí ẹ̀kọ́ ẹ̀yìn odi. Ní Èkó, ẹ̀kọ́ kúkúrú ni ó bí yunifásítì.

Ilẹ̀ tí ó kó wá sí náà ní ìtàn tirẹ̀. Ní ọjọ́ 14, oṣù Keje, ọdún 1990, ìjọba ológun ìpínlẹ̀ Èkó fi katakata wó Maroko, ènìyàn bí 300,000 sì di aláìnílé. Àwọn díẹ̀ nínú wọn rí ilé tí kò tíì parí gbà ní Ilasan àti Ikota, lójú ọ̀nà kan náà tí ó lọ sí Ajah. Ilé ẹ̀kọ́ kankan kò mọ̀wọ̀ mẹsẹ̀ nínú èyí. Mo kàn ń sọ irú ènìyàn tí ń gbé lẹ́bàá ọ̀nà tí àwọn ọkọ̀ bọ̀gìnnì náà ń gbà kọjá ni.

Síbẹ̀, ọgbà náà ṣí ilẹ̀kùn kan tí ó yẹ kí a yìn. Ní 2003 ni yunifásítì náà dá Enterprise Development Centre sílẹ̀ fún àwọn oníṣòwò kéékèèké. Nígbà tí Goldman Sachs ti Amẹ́ríkà bẹ̀rẹ̀ ètò 10,000 Women ní 2008, tí wọ́n ya 100 mílíọ̀nù dọ́là sọ́tọ̀ fún un káàkiri àgbáyé, ọ̀dọ̀ ilé-ẹ̀kọ́ yìí ni ó gbà dé Nàìjíríà. Obìnrin tí ó ti ń fi ogbọ́n orí ṣòwò láti ọdún pípẹ́ wá jókòó kọ́ bí a ṣe ń ṣe ìṣirò èrè, bí a ṣe ń ya owó ìsọ̀ sọ́tọ̀ kúrò lára owó ọbẹ̀. Kì í ṣe òun ni ó sanwó rẹ̀. Lójú tèmi, ẹ̀mí ọdún 1949 ni ó tún yọjú, àfi pé owó ìjọba ni ó gbé ti Ìbàdàn ró, owó báńkì òkèèrè ni ó gbé ti Ajah.

Èmi náà ti jókòó sí irú kíláàsì bẹ́ẹ̀. Lẹ́yìn tí iṣẹ́ ìwé ìròyìn bọ́ lọ́wọ́ mi, mo fi owó ara mi lọ gba ẹ̀kọ́ ọlọ́jọ́ márùn-ún lórí iṣẹ́ ìròyìn orí íntánẹ́ẹ̀tì. Níbi tí mo ti kọ́kọ́ gbé ìwé ẹ̀rí náà lọ, ẹni tí ń fọ̀rọ̀ wá mi lẹ́nu wò yí i sókè yí i sódò, ó ní, “Ẹ̀gbọ́n, oyè wo wá nìyí?” N kò rí èsì fún un. Ohun tí mo kọ́ níbẹ̀ ni mo fi ń gbé àwọn àròkọ yìí jáde fún yín.

Èbúté ìjìnlẹ̀ òkun Lekki ti ṣí ní oṣù Kìn-ín-ní 2023, ilé ìfọpo ńlá kò jìnnà sí i, ọgbà àgbà Pan-Atlantic University sì ti wà ní Ibeju-Lekki, láàárín àwọn ìlú apẹja àti àgbẹ̀. Ọmọ apẹja tí ó bá fẹ́ mọ bí wọ́n ṣe ń kọ ìwé àdéhùn iṣẹ́, tàbí bí a ṣe ń béèrè owó gbà-má-bínú lórí ilẹ̀ bàbá rẹ̀, kò nílò oyè fún un. Oṣù mẹ́ta tó, lẹ́ẹ̀kan lọ́sẹ̀. Àwọn kíláàsì iléèwé alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ láti Ajah dé Eleko máa ń ṣófo bí ilẹ̀ bá ti ṣú, gẹ́gẹ́ bí àwọn tí wọ́n yá lò ní 1949 ti máa ń ṣófo.