Purdue OWL

Ojú òpó tí Yunifásítì Purdue, ní West Lafayette, ìpínlẹ̀ Indiana ní Amẹ́ríkà, fi ń kọ́ni ní ìwádìí ṣíṣe àti ìwé kíkọ. Ọ̀fẹ́ ni. Inú Writing Lab tí Muriel Harris dá sílẹ̀ ní 1976 ni ó ti ṣẹ̀. Ibẹ̀ ni akẹ́kọ̀ọ́ ti ń jókòó ti olùrànlọ́wọ́, tí wọn yóò jọ yẹ iṣẹ́ rẹ̀ wò. Ní 1994 ni ìtọ́sọ́nà ibẹ̀ dé orí íntánẹ́ẹ̀tì.

Ìlànà títọ́ka sí orísun ló sọ ọ́ di ìlú-mọ̀-ọ́n-ká: MLA fún ẹ̀kọ́ èdè àti lítíréṣọ̀, APA fún ẹ̀kọ́ nípa ìrònú ẹ̀dá àti ìmọ̀ ẹ̀kọ́, Chicago tí àwọn onímọ̀ ìtàn fẹ́ràn. Ibẹ̀ náà ni ọ̀pọ̀ akẹ́kọ̀ọ́ ń sáré lọ, wọn a da àpẹẹrẹ kọ, wọn a jáde. Ṣùgbọ́n abala tó wúlò jù ni èyí tó ń kọ́ni bí a ṣe ń fi ọ̀rọ̀ ara ẹni sọ ohun tí a kà. Kà á títí yóò fi yé ọ. Gbé ìwé náà sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan. Kọ ọ́ bó ṣe yé ọ. Fi tìrẹ wé ti òǹkọ̀wé. Kọ orísun rẹ̀ sílẹ̀. Ẹni tó bá ń ṣe èyí kò ní ṣèèṣì jí iṣẹ́ oníṣẹ́ kọ.

Ní 2019, Purdue àti iléeṣẹ́ Chegg kéde àjọṣe lórí OWL. Inú àwọn olùkọ́ kan kò dùn sí i, torí wọ́n ní àwọn akẹ́kọ̀ọ́ ń rí ìdáhùn iṣẹ́ àṣetiléwá rà lọ́dọ̀ Chegg.