Àjèjì Láti Òfúrufú: Iyì àti Àbùkù Fíìmù 2016 Nínú Ìtàn Sinimá Gánà

Ìfáàrà

Bí a bá dárúkọ ìtàn àròsọ onísáyẹ́ǹsì tí ìwà ipá kún inú rẹ̀, Amẹ́ríkà tàbí Jàpáànì ni ọkàn ọ̀pọ̀ ènìyàn máa ń lọ. Ó ṣọ̀wọ́n kí ẹnikẹ́ni ronú kan Gánà. Síbẹ̀, ní ọdún 2010, Samuel K. Nkansah, tí àwọn òǹwòran mọ̀ sí Ninja, gbé fíìmù kan jáde tí ó pe àkọlé rẹ̀ ní 2016. Ìtàn àwọn ẹ̀dá tí wọ́n ti òfúrufú wá gbógun ti Gánà ni. Ìpolówó rẹ̀ tàn ká orí íntánẹ́ẹ̀tì, àwọn ènìyàn sì ń fi í rẹ́rìn-ín káàkiri ayé. Ohun tí àpilẹ̀kọ yìí ń fẹ́ fi hàn ni pé ohun tí wọ́n fi rẹ́rìn-ín kọ́ ni àbùkù fíìmù náà. Àbùkù rẹ̀ wà ní ibi tí àwọn tó ń rẹ́rìn-ín kò wò.

Orírun Fíìmù Náà

Accra ni ìtàn yìí ti bẹ̀rẹ̀. Níbẹ̀ ni ìjọba amúnisìn Gẹ̀ẹ́sì fi ẹ̀ka tí ń ṣe sinimá fún Gold Coast sí lẹ́yìn Ogun Àgbáyé Kejì. The Boy Kumasenu, tí ó jáde ní 1952, wà lára iṣẹ́ wọn. Lẹ́yìn òmìnira 1957, ilé-iṣẹ́ ìjọba ni ó ń bá iṣẹ́ sinimá lọ. Nígbà tí ọrọ̀-ajé Gánà dẹnu kọlẹ̀ ní àwọn ọdún 1980, owó tí a lè fi ṣe sinimá ńlá wá wọ́n bí ojú. Ní 1987, William Akuffo gbé Zinabu jáde. Ìtàn àjẹ́ àti owó ni, kámẹ́rà fídíò lásán ni ó sì fi yà á. Láti ìgbà náà ni ẹni tó bá ní kámẹ́rà ti lè ṣe fíìmù láìdúró de owó ìjọba. Àwọn ará Kumasi tọ ọ̀nà yìí, wọ́n sì dá ẹgbẹ́ fíìmù elédè Twi tí a ń pè ní Kumawood sílẹ̀. Àárín wọn ni Ninja ti jáde.

Ìwà ipá inú irú fíìmù báyìí ní ìtàn tirẹ̀. Ní àwọn ọdún 1980 àti 1990, àwọn ayàwòrán Gánà máa ń fi ọ̀dà ya ìpolówó fíìmù sórí aṣọ àpò ìyẹ̀fun fún àwọn tí ń gbé fídíò kiri láti ìlú dé ìlú. Wọ́n a fi ẹ̀jẹ̀, ìbọn àti ejò kún àwòrán náà, kódà bí wọn kò bá sí nínú fíìmù. Ìbẹ̀rù ni ọjà tí wọ́n ń tà. Ìpolówó 2016 jẹ́ ọmọ bíbí inú àwọn àwòrán wọ̀nyẹn.

Iyì Rẹ̀

Iyì àkọ́kọ́ ni ti ibùdó ìtàn. Fún ọ̀pọ̀ ọdún, àwọn ọmọ Áfíríkà ń wo bí ẹ̀dá òfúrufú ṣe ń ba New York tàbí Tokyo jẹ́, bí ẹni pé ọ̀la kò ní í kan ilé tiwọn. Fíìmù yìí gbé ọ̀la wọ inú àgbàlá Gánà. Iyì kejì ni ti èdè: Kumawood fi hàn pé èdè abínibí lè ru ẹrù ìtàn òfúrufú láìsí pé a fi Gẹ̀ẹ́sì tì í lẹ́yìn. Ìkẹta ni ọgbọ́n ọwọ́. Owó kékeré ni wọ́n ní, wọ́n fi kọ̀ǹpútà ṣe ohun tí àwọn ará Amẹ́ríkà ń ná òbítíbitì owó lé lórí. Ẹni tó bá ń fi èyí rẹ́rìn-ín, òṣì ni ó ń fi ṣe yẹ̀yẹ́, kì í ṣe ọgbọ́n.

Àbùkù Rẹ̀

Àbùkù kìn-ín-ní ni pé ẹ̀dá abàmì inú rẹ̀ jẹ́ àyálò. Ó jọ èyí tí a rí nínú The Terminator ti 1984 àti Predator ti 1987. Bẹ́ẹ̀ àwọn Akan ní Sasabonsam tiwọn, òǹrorò inú igbó tí ẹsẹ̀ rẹ̀ rí bí ìkọ́, tí í máa jókòó sórí igi de èrò. Nígbà tí Fágúnwà kọ Ògbójú Ọdẹ nínú Igbó Irúnmọlẹ̀ ní 1938, kò yá Agbákò lọ́wọ́ ẹnikẹ́ni.

Èkejì ni pé ikú inú ìpolówó náà kò wúwo. Àwọn ènìyàn ń ṣubú, kò sẹ́ni tó ń ṣọ̀fọ̀ wọn. Ẹ jẹ́ kí a fi wé eré àwòrán Jàpáànì tí a ń pè ní anime. Nínú Neon Genesis Evangelion, ìsọ̀rí 26 tí Hideaki Anno darí láàárín 1995 sí 1996, ìjà pọ̀, ẹ̀jẹ̀ sì ń ṣàn. Ṣùgbọ́n gbogbo ìjà ni ó ń dá ọgbẹ́ sí ọkàn Shinji, ọmọ ọdún 14 tí wọ́n rán lọ sójú ogun. Akira, tí Katsuhiro Otomo darí ní 1988, bẹ̀rẹ̀ pẹ̀lú ìparun Tokyo. Kò sí bí a ṣe lè wo ìparun yẹn kí a má rántí Hiroshima àti Nagasaki ní 1945. Ìtàn orílẹ̀-èdè wọn ni ó fún ìwà ipá náà ní ìtumọ̀.

Gánà náà ní irú ìrántí bẹ́ẹ̀, inú ọ̀rọ̀ kan ṣoṣo ni ó sì wà. Ọ̀rọ̀ Gẹ̀ẹ́sì tí a fi ń pe ẹ̀dá òfúrufú, "alien", ni òfin Gánà lò fún ènìyàn ní oṣù kọkànlá ọdún 1969. Ìjọba Busia fún àwọn àjèjì tí kò ní ìwé àṣẹ ìgbélùú ní ọ̀sẹ̀ méjì láti gbà á tàbí kí wọ́n kúrò. Ọ̀pọ̀ Yorùbá tí í ṣe ọlọ́jà, àwọn ọmọ Ògbómọ̀ṣọ́, Ṣakí àti Ìgbẹ́tì, fi ilé àti ọjà sílẹ̀. Àwọn mìíràn nínú wọn, Gánà ni a ti bí wọn. Ní oṣù kìn-ín-ní ọdún 1983, Nàìjíríà náà lé àwọn àjèjì, tí ọmọ Gánà pọ̀ jù nínú wọn. Báyìí ni àpò "Ghana Must Go" ṣe gba orúkọ. Ìpolówó tí gbogbo ayé rí kò fi àmì ìrántí yìí hàn rárá. Àjèjì inú rẹ̀ kò ní ilé, kò ní èdè, kò ní ìdí tó fi wá. Lílù ni a ṣáà ní kí ó máa luni.

Àgbálọgbábọ̀

Nígbà tí ọdún 2016 dé, ẹ̀dá òfúrufú kò wá. Òfin ni ó dé. Ilé ìgbìmọ̀ aṣòfin Gánà gbé Òfin 935 kalẹ̀ lórí ìdàgbàsókè àti ìpínsọ́wọ̀ọ́ fíìmù, èyí tó rọ́pò òfin sinimá ti 1961. Irú òfin bẹ́ẹ̀ lè sọ ọjọ́ orí ẹni tó yẹ kó wo ẹ̀jẹ̀, ṣùgbọ́n kò lè sọ ohun tí ẹ̀jẹ̀ náà túmọ̀ sí. Iṣẹ́ olùkọ́ èdè àti lítíréṣọ̀ nìyẹn. Ó yẹ kí a gbé 2016 wọ kíláàsì, kí a fi sí ẹ̀gbẹ́ Zinabu àti ìwé Fágúnwà, kí a sì bi àwọn akẹ́kọ̀ọ́ léèrè: ní èdè tiwa, ta ni à ń pè ní àjèjì, ta ni ó sì kọ́kọ́ pè é bẹ́ẹ̀?