Ta Ló Ni Ìmọ̀ Ìbọn Abẹ́lé? Àgbéyẹ̀wò Ìbọn Ibùba L96A1

Bí ìjọba kan bá ní òun ń rọ ìbọn fún ọmọ ogun òun, iléeṣẹ́ ńlá ti ìjọba ló máa ń kọ́kọ́ wá síni lọ́kàn. Ìtàn L96A1, ìbọn tí àwọn ológun Gẹ̀ẹ́sì tó ń ba níbùba fi ń ta ọ̀tá lókèèrè nígbà kan rí, kò rí bẹ́ẹ̀. Èrò tèmi ni pé ẹni tó lè tún àwòrán ìbọn yà ló ni ín; ibi tí wọ́n ti rọ irin rẹ̀ kò tó nǹkan lẹ́gbẹ̀ẹ́ èyí.

Enfield, ní àríwá Lọ́ńdọ̀nù, ni iléeṣẹ́ ìbọn ìjọba Gẹ̀ẹ́sì wà láti ọ̀rúndún kọkàndínlógún títí di 1988. Síbẹ̀, L42A1 tí àwọn ológun ibùba ń lò kí L96A1 tó dé, ìbọn Lee-Enfield ayé Ogun Àgbáyé Kejì ni, tí wọ́n pààrọ̀ ọ̀pá rẹ̀ kó lè gba ọta mìlímítà 7.62. Àlòkù tí wọ́n tún ṣe ni, bó ti wù kó dára tó. Àwọn tó rọ tuntun kì í ṣe òṣìṣẹ́ ìjọba rárá. Malcolm Cooper, tó gba góòlù ìbọn títa níbi Òlíḿpíìkì Los Angeles ní 1984 àti ti Seoul ní 1988, òun àtàwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ ló dá Accuracy International sílẹ̀ ní Portsmouth lọ́dún 1978. Nígbà tí àwọn ológun Gẹ̀ẹ́sì ṣe ìdíje láti yan ìbọn tí yóò rọ́pò L42A1, L96A1 ni wọ́n fi fẹ̀yìn iléeṣẹ́ Parker-Hale, tó ti pẹ́ nídìí òwò ìbọn, balẹ̀.

Ohun tí wọ́n fi borí kò ju ohun tí ẹni tó ń fi ìbọn díje mọ̀ lára. Igi máa ń mu omi, a wú, a sì súnkì nígbà ẹ̀ẹ̀rùn. Bí igi ìdí ìbọn bá wú tó fi ti ọ̀pá bíńtín, ọta tó ba ojú àmì lánàá yóò yà sẹ́gbẹ̀ẹ́ lónìí. Cooper àtàwọn èèyàn rẹ̀ kò gbé ẹ̀rọ ìbọn wọn ka igi mọ́. Férémù álúmínì gbọọrọ kan ni wọ́n dè é mọ́, wọ́n wá fi ike méjì bò ó lọ́tùn-ún lósì, bí ẹni wọ ẹ̀wù fún un. Ọ̀pá náà kò fara kan nǹkan kan láti ibi tí wọ́n ti dè é títí dé ẹnu. Irin tó dí ìdí ọ̀pá, ọwọ́ ni wọ́n fi ń fà á sẹ́yìn kí ọta mìíràn tó wọlé. Èyí kì í jẹ́ kí ìbọn yá, lóòótọ́, ṣùgbọ́n irin tí kì í rìn fúnra rẹ̀ nígbà tí ọta ń jáde kì í mi ìbọn lọ́wọ́ ẹni.

Ẹnì kan lè bi mí pé: abẹ́lé wo nìyẹn, nígbà tó jẹ́ pé Schmidt & Bender ti Jámánì ló ṣe awò orí rẹ̀? Òótọ́ ni, n kò sì ní bò ó mọ́lẹ̀. Ṣùgbọ́n ẹ wo ìgbà tí Sweden ń wá ìbọn tí òtútù kò ní dá dúró. Kò sí ẹni tí Portsmouth ní láti tọrọ àṣẹ lọ́wọ́ rẹ̀ kó tó yí àwòrán ara rẹ̀ padà. Wọ́n tún irin inú rẹ̀ ṣe kí yìnyín má baà há a, ó di Psg 90 lọ́wọ́ ológun Sweden, Arctic Warfare sì di orúkọ tí ayé fi mọ ìran ìbọn náà. Ẹni tó kàn ń to ẹ̀yà ìbọn ẹlòmíì pọ̀ kò lè dán irú rẹ̀ wò.

Àwọn oníròyìn fẹ́ràn mítà 2,475 tí ológun Gẹ̀ẹ́sì kan fi L115A3, arọ́pò L96A1, ta ọ̀tá ní Afghanistan lọ́dún 2009. Lójú tèmi, ìròyìn lásán nìyẹn. Kò sọ ibi tí ìmọ̀ wà. Èyí tó sọ ọ́ rèé: Enfield kógbá wọlé ní 1988, nígbà tí ìjọba Gẹ̀ẹ́sì sì ń wá ìbọn tó lágbára ju L96A1 lọ, Portsmouth náà ló padà sí fún L115A3, bó tilẹ̀ jẹ́ pé iléeṣẹ́ Lapua ti Finland ni wọ́n fi sọ ọta tó ń yìn lórúkọ.