Ìrírí Nínú Iṣẹ́ Ìjọba àti Ipò Àṣẹ ní Ìlú Bìní

Òfin ilẹ̀ Nàìjíríà ti 1979 sọ pé ẹni tí ó bá fẹ́ di Ààrẹ gbọ́dọ̀ jẹ́ ọmọ bíbí ilẹ̀ yìí, kí ó sì ti pé ọmọ ọdún 35. Bẹ́ẹ̀ náà ni fún gómìnà. Kò béèrè bóyá ó ti ṣe iṣẹ́ ìjọba rí.

Àṣà ààfin Bìní yàtọ̀. Àrẹ̀mọ a kọ́kọ́ jẹ oyè Edaiken, a sì gbé ní Uselu, kí ó tó gorí ìtẹ́. Nígbà tí ìjọba òyìnbó dé, a tún fi ẹ̀kọ́ mìíràn kún un. A rán ọmọ ọba tí ó di Akenzua Kejì ní 1933 lọ sọ́dọ̀ Aláké Adémọ́lá Kejì ní Abẹ́òkúta, kí ó lọ kọ́ ètò ìṣàkóso ìlú. (Ọmọ Ẹ̀gbá lè fi èyí yangàn díẹ̀.) Nígbà tí ó padà dé, ó di olórí àgbègbè Ekiadolor. Ọmọ rẹ̀, Erediauwa, ti ṣe akọ̀wé àgbà lábẹ́ ìjọba àpapọ̀ àti kọmíṣọ́nnà ètò ìṣúná ní Bendel kí ó tó jọba ní 23 March 1979.

Ní October ọdún náà, ní ìlú Bìní kan náà tí í ṣe olú-ìlú Bendel, Ọ̀jọ̀gbọ́n Ambrose Alli ti ẹgbẹ́ UPN di gómìnà. Oníṣègùn àti olùkọ́ yunifásítì ni. Ìgbìmọ̀ tí ó jíròrò lórí òfin 1979 náà ni ó ti bá wọn jókòó. Ó fagi lé owó ilé-ìwé, ó kọ́ ọ̀pọ̀ ilé-ìwé girama, ó sì dá yunifásítì sílẹ̀ ní Ekpoma ní 1981, nígbà tí owó epo ń lọ sílẹ̀. Ẹni tí ó ti ka ìwé ìṣúná rí ìbá ti rọra. Bóyá irú ẹni bẹ́ẹ̀ ìbá má sì kọ́ ilé-ìwé kankan.

Samuel Ogbemudia ni ó bá a du ipò ní 1983. Ó ti ṣe gómìnà láti 1967 dé 1975, ṣùgbọ́n ìjọba ológun ni ó yàn án, kò sì sí ilé aṣòfin tí ó ń bi í léèrè. A kéde pé òun ni ó wọlé. Ó gbàjọba ní October. Ní 31 December, àwọn ológun dé. Oṣù mẹ́ta kò tó láti fi wo bí ìrírí ti ìgbà ológun yóò ti wúlò tó lábẹ́ ìbò.