Bí A Ṣe Ń Fi Lẹ́tà Wá Ọ̀rọ̀ Gẹ̀ẹ́sì: Ìtàn Rẹ̀ Títí Dé Ọ̀dọ̀ Wa

Òdú ni, kì í ṣe àìmọ̀ olóko. Bẹ́ẹ̀ gan-an ni eré Scrabble rí ní Ìkòròdú, ìlú tí àwọn àgbà sọ pé oko òdú ni orúkọ rẹ̀ ti ṣẹ̀ wá. Ṣùgbọ́n a lè mọ nǹkan lójú kí a má mọ ìdí rẹ̀. Bí èrò bá ń dúró de ọkọ̀ ojú omi ní Èbúté Ìkòròdú, tí ọ̀dọ́ kan sì ń fi fóònù wá ọ̀rọ̀ tí lẹ́tà Q wà nínú rẹ̀, iyàn kì í pẹ́ bẹ́ sílẹ̀ lórí ọdún tí wọ́n dá eré náà sílẹ̀: ẹnì kan á ní 1931, òmíràn á ní 1938, ẹlòmíràn á búra pé 1948 ni. Nítorí pé ìtàn náà fọ́nká, tí èyí sì ń tako tọ̀hún, ni mo ṣe kó wọn jọ síhìn-ín.

Kí á tó lè fi lẹ́tà wá ọ̀rọ̀, ẹnì kan ní láti kọ́kọ́ to ọ̀rọ̀ náà jọ. Robert Cawdrey ni ó tẹ ìwé atúmọ̀ Gẹ̀ẹ́sì sí Gẹ̀ẹ́sì àkọ́kọ́ jáde ní 1604, tí ó sì tò ó ní A dé Z. Ẹni tó mọ ìbẹ̀rẹ̀ ọ̀rọ̀ ni irú ìwé bẹ́ẹ̀ ń ràn lọ́wọ́; ẹni tó mọ ìparí rẹ̀ nìkan rí olùgbàlà nínú ìwé tí John Walker gbé jáde ní 1775, tí ó to ọ̀rọ̀ láti ìdí wá sí orí. Ní ọjọ́ 21 oṣù Kejìlá ọdún 1913, Arthur Wynne gbé eré àfilẹ́tà-dí-àlàfo sínú ìwé ìròyìn New York World, láti ìgbà náà ni wíwá ọ̀rọ̀ tí lẹ́tà kan wà láàárín rẹ̀ ti di eré ìgbádùn tọmọdé tàgbà.

Ní ti Scrabble, ìdájọ́ mi ni pé kò sí ẹni tó purọ́ nínú àwọn tó ń jiyàn. Alfred Mosher Butts, ayàwòrán ilé tí ọ̀dá owó sọ di aláìníṣẹ́ ní Amẹ́ríkà, bẹ̀rẹ̀ sí í ronú lórí eré náà ní 1931. Lexiko ni ó kọ́kọ́ sọ ọ́, kò sì ní ọpọ́n. Ní 1938 ó fi ọpọ́n kún un. Ní 1948 James Brunot gba àṣẹ láti máa ṣe é tà, ó sì sọ ọ́ ní Scrabble. Nígbà tí Butts ń dá eré náà sílẹ̀, ó jókòó ti ìwé ìròyìn, ó ka iye ìgbà tí lẹ́tà kọ̀ọ̀kan jẹ yọ, kí ó lè mọ bí yóò ṣe pín ègé àti máàkì. Bóyá ìwé ìròyìn kan ni o, bóyá púpọ̀ ni o, ìyẹn kò tó ohun tí à ń fa ṣòkòtò ya lé lórí. Ohun tó ṣe kókó ni pé nínú ọgọ́rùn-ún ègé igi rẹ̀, E jẹ́ 12, tí iye rẹ̀ kò ju máàkì 1 lọ, nígbà tí Q àti Z jẹ́ ẹyọ kọ̀ọ̀kan, tí iye wọn sì jẹ́ 10.

Ẹ jẹ́ kí n dúró díẹ̀ níbí, nítorí ọ̀rọ̀ yìí kàn wá. Lẹ́tà 25 ni Yorùbá ní, kò sì sí C, Q, V, X àti Z nínú wọn. Mẹ́ta nínú wọn, Q, X àti Z, wà lára àwọn tí máàkì wọn pọ̀ jù nínú eré náà. Síbẹ̀, ọ̀nà kan kò wọ ọjà. Q tí kò ní U lẹ́yìn, tí ń da ọ̀pọ̀ Gẹ̀ẹ́sì láàmú, inú èdè Lárúbáwá ni púpọ̀ nínú àwọn ọ̀rọ̀ rẹ̀ ti wá: “qadi” ni adájọ́, “faqir” ni tálákà, “waqf” sì ni ohun ìní tí a yà sọ́tọ̀ nítorí Ọlọ́run. Ọmọ ilé-kéwú ní Ẹ̀pẹ́, ìlú tí Kòsọ́kọ́, ọba Èkó tí wọ́n lé kúrò lórí oyè, àti àwọn Mùsùlùmí rẹ̀ tẹ̀dó sí lẹ́yìn 1851, kò ní ṣàjèjì sí wọn. “Naira”, “kobo” àti “orisha” pẹ̀lú wà nínú ìwé ọ̀rọ̀ Collins tí àwọn eléré Scrabble ń lò.

Àṣírí àwọn ọ̀gá kò ju títò lọ. Bí lẹ́tà méje bá bọ́ sí ọ lọ́wọ́, tò wọ́n ní A dé Z: A, E, I, N, R, S, T, lójú ẹsẹ̀, “retains”, “nastier”, “stainer” àti “retinas” ti jẹ́ ọmọ ìyá kan náà, nítorí bí o bá tún tú wọn tò, ibì kan náà ni gbogbo wọn padà sí.

Àríyànjiyàn tó yẹ kí á fi ìwọ̀n wọ̀n ni ti ọ̀rọ̀ gígùn àti kúkúrú. Òótọ́ ni pé ẹni tó bá lo lẹ́tà méjèèje lẹ́ẹ̀kan náà gba èlé máàkì 50. Ṣùgbọ́n Anthony Ikolo, tó jẹ́ olùkọ́ àwọn eléré Scrabble Nàìjíríà ní 2015, kọ́ wọn pé ọ̀rọ̀ lẹ́tà márùn-ún lè sàn jù, nítorí pé ó ń jẹ́ kí ènìyàn fi lẹ́tà rere pamọ́, ó sì ń dí ọ̀nà mọ́ ọ̀tá. Ní oṣù Kọkànlá 2015, ní ìlú Perth ní Ọsirélíà, Wellington Jighere, ọmọ Warri, ẹni tó ti gba ipò kẹta lágbàáyé ní 2007, na Lewis Mackay ará ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì ní 4 sí 0, ó sì di ọmọ Áfíríkà àkọ́kọ́ tó gba ife-ẹ̀yẹ àgbáyé. “Felty”, ọ̀rọ̀ lẹ́tà márùn-ún, fún un ní máàkì 36 nínú ìdíje àṣekágbá náà. Bí abẹ́rẹ́ ti kéré tó, kì í ṣe mímì adìẹ. Ọ̀dọ̀ Ikolo ni mo fi ìdájọ́ sí.

Ní báyìí, ẹ̀rọ ti gba iṣẹ́ ìwárí ọ̀rọ̀ lọ́wọ́ ènìyàn, Wordle tí Josh Wardle gbé jáde ní 2021 sì ti mú àìmọye ènìyàn wọ inú eré lẹ́tà márùn-ún.

Ẹ̀yin olùkọ́ Ìkòròdú àti Ẹ̀pẹ́, mo bẹ̀ yín: kí ẹ tó gbé ìwé ńlá lé ọmọ lọ́wọ́, ẹ kọ́kọ́ fi ọ̀rọ̀ lẹ́tà méjì-méjì 127 tí ìwé Collins ọdún 2019 fọwọ́ sí kọ́ ọ. Láti orí ìyẹn ni yóò ti mọ bí a ti ń to lẹ́tà di ọ̀rọ̀.