Ìdílé Samuel Slater, Ọlọ́wú Pawtucket

Nígbà tí àwọn ará Amẹ́ríkà bá ń sọ ìtàn bí ilé-iṣẹ́ ẹlẹ́rọ ṣe bẹ̀rẹ̀ ní ilẹ̀ wọn, Samuel Slater ni wọ́n sábà máa ń fi ṣe olórí ìtàn náà. Wọn a ní ọ̀dọ́mọkùnrin kan há ìmọ̀ ẹ̀rọ ìrànwú sórí láti ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, ó sì fi dá ilé-iṣẹ́ òwú sílẹ̀. Ìtàn yìí kì í ṣe irọ́, ṣùgbọ́n kò kún tó. Bí a bá tọpasẹ̀ ìdílé ọkùnrin yìí, a ó rí i pé orí àna, àbúrò àti olówó ni ilé-iṣẹ́ náà dúró lé.

Belper, ní ẹkùn Derbyshire, ni a ti bí Slater ní ọdún 1768. Àgbẹ̀ ni William, bàbá rẹ̀. Ọmọ ọdún 14 ni Samuel nígbà tí ó lọ kọ́ṣẹ́ lọ́dọ̀ Jedediah Strutt, ẹni tí òun àti Richard Arkwright jọ dòwò pọ̀ rí. Láyé ìgbà náà, òfin Gẹ̀ẹ́sì kò gba oníṣẹ́ ẹ̀rọ òwú láàyè láti kó ìmọ̀ rẹ̀ lọ sí òkè òkun. Nítorí náà, nígbà tí Slater wọ ọkọ̀ ojú omi ní 1789, kò mú àwòrán ẹ̀rọ kankan dání. Ọ̀dọ̀ Moses Brown, olókòwò ní ìpínlẹ̀ Rhode Island, ni ó forí lé. Brown ti ra àwọn ẹ̀rọ kan sí Pawtucket, wọn kò sì ṣiṣẹ́.

Ilé Oziel Wilkinson alágbẹ̀dẹ ni Slater wọ̀ sí. Ibẹ̀ gan-an ni ọ̀rọ̀ wà. Ènìyàn lè há ẹ̀rọ sórí, ṣùgbọ́n kò lè há irin sórí. Àgbẹ̀dẹ ni irin ti ń wá. David, ọmọkùnrin Oziel, ni ó bá a rọ irin ẹ̀rọ náà, Hannah ọmọbìnrin rẹ̀ ni Slater sì fi ṣaya ní 1791. Ní 1793, ìjọba fún Hannah ní ìwé ẹ̀rí lórí ọ̀nà tuntun tí ó gbà ń ṣe òwú ìránṣọ. Orúkọ ọkọ ni wọ́n kọ síbẹ̀: ‘Ìyàwó Samuel Slater’. Ẹni tí ó bá ń wá Hannah nínú ìwé yẹn kò ní rí i.

Àwọn ọmọdé ni wọ́n kọ́kọ́ fi sídìí ẹ̀rọ náà. Nígbà tí ó yá, odidi ìdílé ni wọ́n ń gbà síṣẹ́, tòbí tọmọ. Ní 1803, John, àbúrò Slater, dé láti ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì. Abúlé tí wọ́n kọ́ yí ilé-iṣẹ́ wọn mìíràn ká ni à ń pè ní Slatersville.

Owó ńkọ́? Moses Brown àti àwọn ẹ̀gbọ́n rẹ̀ mẹ́ta ni wọ́n rán ọkọ̀ Sally lọ sí etíkun Ìwọ̀-oòrùn Áfíríkà ní 1764. Ènìyàn 196 ni ọ̀gá ọkọ̀ náà kó lẹ́rú. Ó kéré tán, 109 nínú wọn ni ó kú. Ní 1773, Moses dá àwọn ẹrú tirẹ̀ sílẹ̀. Ó wọ ìjọ Quaker, ó sì di alátakò òwò ẹrú. William Almy, ọkọ ọmọ rẹ̀, wà lára àwọn tí ó fi sídìí òwò òwú. Síbẹ̀, ọwọ́ ẹrú ni òwú tí ẹ̀rọ wọn ń ran ti ń wá, láti àwọn ilẹ̀ ìhà Karibíánì ní ìbẹ̀rẹ̀, lẹ́yìn náà láti àwọn ìpínlẹ̀ gúúsù Amẹ́ríkà. Moses kọ ẹrú, kò kọ òwú.

Slater kú ní 1835. Ní 1882, John Fox Slater, ọmọ John àbúrò rẹ̀, fi mílíọ̀nù kan dọ́là sílẹ̀ fún ẹ̀kọ́ àwọn ẹrú tí a dá sílẹ̀ ní gúúsù àti àwọn ọmọ wọn. Rutherford B. Hayes, tí ó ti ṣe ààrẹ Amẹ́ríkà rí, ni alága ìgbìmọ̀ tí ń pín owó náà. Ọ̀dọ̀ wọn ni W. E. B. Du Bois ti rí owó tí ó fi lọ kàwé ní Berlin ní 1892. Wọ́n fún un ní ìdajì lọ́fẹ̀ẹ́. Ìdajì yòókù jẹ́ gbèsè.